Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: kí ló kan Kérésì níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀fà, oníwàásù ní kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn sí ìròyìn ìbí Jésù. Ẹnì kan wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé bí owó tí à ń jù sínú àwo omi níbi ìkómọ ni: ẹbí ń fi owó yẹn ra ọmọ ni, torí náà kí kálukú mú ẹ̀bùn ńlá wá bí àwọn amòye. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Irú àlàyé báyìí ń bí ni nínú, nítorí ó ba àṣà jẹ́, ó tún ba ìròyìn ayọ̀ jẹ́. Láti Àjàsẹ́-Ìpo dé Ọ̀mù-Àrán, láti Ọ̀fà títí wọ Ìlọrin, ta ló ń fi owó ra ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àwo náà dáadáa. Lọ́jọ́ kẹjọ, kí oòrùn tó mú, wọ́n á gbé àwo omi síwájú àgbà ilé, ìyá á gbé ọmọ fún un. Wọ́n á fi oyin, iyọ̀, obì, orógbó àti ataare wúre lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbé e yí agbo ká. (Oyin yẹn, ẹnu ìyá àti bàbá ni kí ẹ fi kàn o. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Kòkòrò tó lè wà nínú rẹ̀ a máa mú kí iṣan ìkókó rọ jọwọrọ, kó má lè mí dáadáa. Ataare náà, ẹ má fi kan ọmọ lẹ́nu.) Ìgbà tí ìwúre bá parí ni iṣẹ́ àwo tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà láti ìdílé baba ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìyá àgbà á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọn ará ilé ìyá, kó tó wá kan ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá kàn á sún mọ́ ọmọ, á pe orúkọ tó fún un, á sọ ìdí tó fi pè é bẹ́ẹ̀, ìgbà náà ni á tó ju owó sínú omi. Gbogbo agbo á sì pe orúkọ náà tẹ̀lé e.

Orúkọ, ìdí, owó: bó ṣe ń tẹ̀ léra nìyẹn. Náírà 50 tí orúkọ ṣáájú rẹ̀ níyì ju náírà 50,000 tó bọ́ sínú àwo láìsọ̀rọ̀. Èyí tí kò ní orúkọ, ìyá ọmọ á fi ra ọṣẹ, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe orúkọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà lójú ẹlẹ́rìí pé ọmọ yìí kan òun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé ọmọ náà wá sílé nítorí owó ilé-ìwé, ẹnu tó pè é ní Ayọ̀délé kò ní lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rí ni owó náà, kì í ṣe iye ọmọ.

Èyí gan-an ni a ti ń gbàgbé. Wọ́n á ti tẹ orúkọ sínú ìwé ètò, pásítọ̀ á kà á gbuurugbu, ẹni tó ń darí ètò á gba gbohùngbohùn, yóò wá ku nọ́ńbà àkáǹtì tí kálukú ń fi owó sí. Àwọn àgbà jókòó, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. Bí a sì ṣe ń ṣe Kérésì náà nìyẹn. Àwọn akọrin ti bá wa kọrin, oníwàásù ti bá wa wàásù, a ti jẹ ìrẹsì, a ti wọ aṣọ ọdún, ẹnu tiwa kò pe orúkọ kankan.

Ẹ wá ṣí ìwé Mátíù orí 1. Ẹsẹ 1 sí 17 ni ọ̀pọ̀ ń fò, torí pé orúkọ baba ńlá ló kún ibẹ̀. Kí ọmọ Yorùbá wá máa fo ìyẹn! Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mátíù wo ilé láti orí Ábúráhámù dé Dáfídì, láti Dáfídì dé ìgbèkùn Bábílónì, láti ìgbèkùn dé orí Kristi, ìran 14 lọ́nà mẹ́ta, kó tó dé orí orúkọ ní ẹsẹ 21. Kò sì bo àṣírí ilé. Támárì tó lóyún fún baba ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ráhábù aṣẹ́wó Jẹ́ríkò wà níbẹ̀, Rúùtù ará Móábù, àlejò pọ́ńbélé, wà níbẹ̀, àti aya Ùráyà tí Dáfídì gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ náà kì í fi ìjà àti ìtìjú ilé pamọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí áńgẹ́lì wá ní kí wọ́n pe ọmọ náà ní Jésù, nítorí pé òun ni yóò gba àwọn ènìyàn rẹ̀ là kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ wọn, a ti ka díẹ̀ lára àwọn ènìyàn rẹ̀ yẹn tán lókè. Orúkọ bá ilé mu rẹ́gí. Ẹni tó ń sọ pé ìwà òun kò tíì dára tó láti sún mọ́ ọmọ yìí, kó padà lọ ka àwọn ará ilé rẹ̀.

Jósẹ́fù ni kí ẹ tẹjú mọ́, kì í ṣe àwọn amòye. Òun kọ́ ló ni oyún, ó tiẹ̀ ti pinnu pé òun á kọ Màríà sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Áńgẹ́lì kò bi í léèrè wúrà. Ohun méjì ló ní kó ṣe: kó mú aya rẹ̀ sílé, kó sì sọ ọmọ lórúkọ. Ẹsẹ 25 sọ pé ó pè é ní Jésù. Lúùkù 2:21 sọ pé nígbà tí ọjọ́ 8 pé ni. Ẹnu Jósẹ́fù tó pe orúkọ yẹn ló fi gba ọmọ sínú ilé Dáfídì.

Àwọn amòye ńkọ́? Mátíù kò sọ pé mẹ́ta ni wọ́n, inú ilé ló ní wọ́n ti bá ọmọ, wọ́n sì kọ́kọ́ wólẹ̀ fún un kí wọ́n tó tú ìṣúra wọn. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó ṣáájú wọn dé, Lúùkù kò dárúkọ ẹ̀bùn kankan lọ́wọ́ wọn. Ìyá ọmọ fúnra rẹ̀, ẹyẹ méjì ni ẹbọ tirẹ̀ ní Tẹ́ńpìlì, èyí tí òfin gbà láyè fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀dọ́ àgùntàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀bùn ńlá dẹ́rù bà yín.

Báwo la ṣe wá ń dáhùn? Ẹ ka Lúùkù 2, ẹsẹ 1 sí 20, sókè, kí ó ku ẹ̀yin nìkan. Ní ẹsẹ 11, níbi tí áńgẹ́lì ti ní a bí Olùgbàlà fún yín, ẹ dúró, ẹ fi orúkọ ara yín sí i. Lẹ́yìn náà ẹ pe ọmọ náà lórúkọ, kí ẹ sì sọ ìdí: Olùgbàlà mi, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan báyìí tí mi ò rí já, Ìmánúẹ́lì, Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa, nítorí ó ku èmi nìkan nínú ilé. Ìdí yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò. Wọ́n á ka àdúrà tí wọ́n ti há sórí láti kékeré, wọ́n á ṣe àmín. Àgbà ilé wo ló ń jẹ́ kí orúkọ tí kò ní ìdí kọjá? Ẹ̀rí ló kù: ẹ mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ náà, bíi gbèsè tí ẹ ti ń yẹra fún tàbí àbúrò tí ẹ kì í kí mọ́, kí ẹ sọ ọ́ létí ẹnì kan. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn sọ ohun tí wọ́n rí fún ènìyàn, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Ẹ má sì bá ọmọ yín tó ti dàgbà pe orúkọ náà. Ẹnu tirẹ̀ ló kù.

Ní ti àwo gan-an, nílé tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ ti jẹ́ ọmọ ìyá, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí bàbá tó jẹ́ Àlájì pe orúkọ tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi, kó pè lórí fóònù, kí wọ́n gbé e sún mọ́ ọmọ, kó pe orúkọ, kó sọ ìdí, kí ẹnì kan tó bá a ju owó sínú omi. Kó má kàn fi owó ránṣẹ́.