Èsì: Ẹ̀kọ́ orí fóònù tó ń pọ̀ jọ láìkà

Ẹ kú ọjà o. Ẹ kọ̀wé sí mi pé ẹ ń ta gààrí, pé àtẹ̀jíṣẹ́ (SMS) ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé sórí fóònù yín lójoojúmọ́, pé ẹ yàn láti máa kà á ní aago mẹ́fà àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kì í rí i kà. Àwọn tí ẹ ní ó ti kún inú fóònù yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti òní. Gbèsè àná ni kò jẹ́ kí ẹ lè fojú kan ti òní.

Aago mẹ́fà àárọ̀ tí ẹ yàn kò dára, nítorí pé àsìkò yẹn gan-an ni ẹ ń wá ọkọ̀ láti Ìpẹru lọ sí Ṣágámù. Ẹ so kíkà náà mọ́ ohun tí ẹ kì í fò: bí ẹ bá ti pàtẹ gààrí tán, kí ẹ tó ṣí WhatsApp rárá (ẹ̀yin náà mọ ibi tí ìyẹn ń gbé ènìyàn lọ), ẹ ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú fóònù dé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rántí sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọjà yín, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá fi ọpọlọ fà yọ láìwòwé máa ń pẹ́ lórí ju èyí tó kàn tún kà lọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ dán ti àná wò kí ẹ tó ṣí tuntun.

Ẹ̀kọ́ kúkúrú nìkan ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá mu. Lẹ́tà 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gbà, àyè àárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀; bí ẹ, ọ tàbí ṣ bá wọ inú rẹ̀, ó di 70. Kò lè kọ́ yín ní àròkọ, ìyẹn nílò olùkọ́ tí yóò máàkì í.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ẹ kì í pàtẹ, ẹ kà á kí ẹ tó múra ṣọ́ọ̀ṣì.