Kí ni «Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni»?

Ìbéèrè: Níbi ìkómọ kan ní Sùúrùlérè, ọ̀rẹ́ mi bá mi gbé kúlà wọlé, àwọn àlejò sì ṣebí ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni. Ìyá àgbà kan ní, «Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni.» Kí ló ní lọ́kàn? Ọmọ mi tún fi àwòrán galaxy (àgbájọ àìmọye ìràwọ̀) kan tó ń jẹ́ NGC 1097 hàn mí lórí fóònù, ìràwọ̀ yí i ká. Ṣé àgùàlà tirẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ìyá yẹn ń gbèjà ọ̀rẹ́ yín ni. Àgùàlà ni ohun tó dà bí ìràwọ̀ tó máa ń tàn yòò ní ìwọ̀ oòrùn nírọ̀lẹ́, tàbí ní ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti Marina, ẹ lè rí i lókè apá Àpápá nígbà tí iná ìlú ti bo ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Láwọn alẹ́ kan, òun àti òṣùpá á sún mọ́ra tímọ́tímọ́, ni aráyé bá ń pè é ní ajá oṣù. Òwe náà ní ẹni méjì lè jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ń sin èkejì. Lójú tèmi, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa á, torí ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣe oṣù lọ́jọ́ náà.

Ó dùn mọ́ mi pé ìmọ̀ sánmà gbè é lẹ́yìn. Plánẹ́ẹ̀tì ni àgùàlà, òun ni wọ́n ń pè ní Venus. Òṣùpá jìnnà sí wa tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà. Àgùàlà kì í sún mọ́ wa ju nǹkan bí mílíọ̀nù 38 kìlómítà lọ. Ìbú òṣùpá kò tó 3,500 kìlómítà, ti àgùàlà lé ní 12,000. «Ajá» yìí tóbi ju «olówó» rẹ̀ lọ fíìfíì, oòrùn ló sì ń yí po.

Àwọn ìràwọ̀ tó ń tàn yòò káàkiri àwòrán yẹn náà, ojú ló tàn wá. NGC 1097 jìnnà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 45 ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé lọ́dún kan). Inú galaxy tiwa níhìn-ín ni àwọn ìràwọ̀ yẹn wà, wọ́n kàn bọ́ sí àárín àwa àti òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kékeré roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, NGC 1097A. Ìyẹn ń bá a rìn lóòótọ́: galaxy ni òun náà, agbára òòfà (gravity) ló so wọ́n pọ̀.

Ibi tó ń tàn bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo ní àárín gbùngbùn kì í ṣe ìràwọ̀. Ihò dúdú kan wà níbẹ̀ tó wúwo tó nǹkan bí mílíọ̀nù 140 oòrùn. Ihò náà kì í tàn, torí òòfà rẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde níbẹ̀. Gáàsì tó ń yí bírí wọ inú rẹ̀ ló ń gbóná janjan tó fi ń tàn. Ọ̀pá ìràwọ̀ gbọọrọ tó dábùú galaxy náà ló ń darí gáàsì wọ àárín. Púpọ̀ nínú gáàsì yìí máa ń kóra jọ sí òrùka kan lójú ọ̀nà, níbi tí àwọn ìràwọ̀ tuntun ti ń dáyé.

Bí ẹ bá fẹ́ pa òwe yìí níwájú àgbà, ẹ kọ́kọ́ ní, «Tótó, ó ṣe bí òwe o.» Wọ́n á dá yín lóhùn pé ẹ ó rí òmíràn pa.