Ìbéèrè Yín Lórí Òfin: Ibi Tí Gbígbèjà Ara Ẹni Ti Ń Di Ẹ̀ṣẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò wa. Ọkùnrin kan tí a ti jọ ní gbólóhùn asọ̀ ká mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi lálẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ti ń ṣílẹ̀kùn. Ó fi igi nà mí léjìká, ó sì tún gbé e sókè. Mo dì í mú, mo já igi náà gbà, ó tún rọ́ lù mí láti gbà á padà, ni mo bá fi gbá a nígbọ̀nwọ́, ó sì ṣubú. Bó ti ń gbìyànjú àtidìde, mo tún nà án lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan bà á lórí. Àwọn ọlọ́pàá ní èmi làwọn máa fẹ̀sùn kàn. Ṣebí òun ló kọ́kọ́ nà mí? Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí tún ń bi mí léraléra pé kí ló dé tí n kò wọ mọ́tò mi kí n máa lọ. Ṣé òfin ló ní kí èèyàn sá ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ti èjìká yín. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nínú irú ọ̀ràn báyìí ni èrò pé ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ ló ni gbogbo ẹ̀bi, àti pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ nà lè ṣe ohun tó bá wù ú lẹ́yìn ìyẹn. Òfin kì í wo ìjà lódidi bẹ́ẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ nawọ́ ni ó ń béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Bí a bá fi ojú yẹn wo ọ̀rọ̀ yín, ìjà méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní bẹ̀rẹ̀ nígbà tí igi bà yín léjìká, ó sì parí nígbà tí ọkùnrin náà ṣubú. Ní gbogbo àkókò yẹn ewu wà lórí yín, ó ti nà yín, ó sì tún ń bọ̀, n kò sì rí ilé ẹjọ́ tó máa tètè bá yín wí pé ẹ gbá a nígbọ̀nwọ́. Èkejì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà nílẹ̀, tí igi sì wà lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ ni olùpẹ̀jọ́ máa dúró sí, ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí ẹ̀yin àti agbẹjọ́rò yín fi gbogbo ọkàn sí.

Ohun tí òfin ń wá kò ṣòro láti lóye. Ǹjẹ́ ewu náà ti dé, tàbí ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀? Ewu àná kò tó. Ǹjẹ́ ó pọn dandan kí ẹ lo agbára, ǹjẹ́ agbára tí ẹ sì lò bá ewu náà mu? Òfin ọ̀ràn dídá ti ọdún 1967 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo rẹ̀ sínú gbólóhùn kan, pé kí agbára náà bójú mu bí nǹkan bá ti rí. Òfin ọ̀ràn dídá tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà pín in sí ìpele ní abala 286: ẹni tí wọ́n kọlù láìtọ́jà lè lo agbára tó tó láti gba ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó lè pani tàbí tó lè ṣeni léṣe gidigidi, àfi bí ìkọlù náà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó tó í fi ẹ̀rù ikú tàbí ti ìpalára ńlá bà á, tí ó sì gbàgbọ́, lórí ìdí tó mọ́gbọ́n dání, pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí òun lè gbà bọ́. Orí èèyàn ni igi yín bà. Wọn kò ní fi ojú tí wọ́n fi wo ìgbọ̀nwọ́ wo orí.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé àwọn adájọ́ kò mọ bí ara ṣe máa ń rí nínú ìjà. Ní ọdún 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ Brown, ọkùnrin kan tó ń bójú tó iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ́ ní Texas, tí ẹnì kan tó ti halẹ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ yọ ọ̀bẹ sí. Brown sá lọ síbi tí aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ wà, ó mú ìbọn níbẹ̀, ó sì yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀rí wà pé ẹni náà ti ṣubú kí ó tó yin ìkẹyìn. Adájọ́ Holmes kọ̀wé pé a kò lè retí kí ẹni tí wọ́n na ọ̀bẹ sí máa fara balẹ̀ ronú, àti pé bí ìbọn ìkẹyìn bá tẹ̀ lé àwọn yòókù kíákíá nígbà tí ìjà ṣì gbóná, tí ẹni náà sì gbàgbọ́ pé ẹ̀mí òun lòun ń jà fún, ààbò òfin kò fi dandan kúrò lórí rẹ̀. Àwọn adájọ́ àgbà ní London sọ ohun tó jọ ọ́ ní 1971 nínú ẹjọ́ Palmer tó ti Jàmáíkà wá, pé ẹni tó ń gba ara rẹ̀ là kò lè fi òṣùwọ̀n wọn agbára rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé Palmer fúnra rẹ̀ kò rí àánú gbà nínú ẹjọ́ yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ dáadáa kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀rí.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ yín rọ̀ mọ́. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń dìde, kí ni ẹ rí? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sí àpò? Ṣé ẹ̀yin ni ó kọjú sí, tàbí ó ti kẹ̀yìn sí yín, tó fọwọ́ tilẹ̀, tó ń wá ọ̀nà àtisá? Ṣé ẹ dúró, ẹ mí, kí ẹ tó tún gbé igi sókè? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá tilẹ̀ ṣì í rò, ohun tí ẹ gbà gbọ́ nítòótọ́ ni wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ yín lé, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ọtí ló mú yín ṣì í rò. Ní New York àti ní Nàìjíríà, ìgbàgbọ́ yín gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Bí ó bá wá jẹ́ pé inú ló ń bí yín, tí ẹ fẹ́ kí ó jẹ ìyà ohun tó ṣe, ẹ̀san nìyẹn, kò sì sí èyí tó fàyè gba ẹ̀san nínú àwọn òfin tí mo dárúkọ wọ̀nyí.

Ẹ wá bi mí nípa sísá. Ọ̀rọ̀ yìí kò dọ́gba láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ní New York, kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ́ lásán ni òfin fi ní kí èèyàn yẹra. Ìgbà tí ó bá fẹ́ lo agbára tó lè pani ni, ìyẹn náà sì jẹ́ kìkì bí ó bá mọ̀ pé òun lè yẹra láìsí ewu kankan fún òun àti fún ẹlòmíràn, kò sì kan ẹni tó wà nínú ilé ara rẹ̀ tí kì í ṣe òun ló dá ìjà sílẹ̀. Florida yí tiwọn padà ní 2005, pé ẹni tó wà níbi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà, tí kò sì máa dá ọ̀ràn lọ́wọ́, lè dúró kó gbèjà ara rẹ̀. Jámánì kò fi ìsá ṣe dandan ní abala 32 ìwé òfin wọn, abala 33 kò sì fìyà jẹ ẹni tí ìbẹ̀rù tàbí ìpòrúurùu ọkàn bá mú kọjá ààlà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín: ilé ẹjọ́ sọ nínú ẹjọ́ Bird ní 1985 pé sísá kì í ṣe dandan, òfin ọdún 2008 tí wọ́n tún ṣe ní 2012 sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà àtiyẹra bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n lè wò ó mọ́ ohun tó ń fi hàn bóyá agbára tí èèyàn lò bójú mu.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi yín nípa mọ́tò. Ẹ má gbà pé wọ́n ń pè yín ní aláìgbọ́n, ẹ kàn fara balẹ̀ dáhùn. Nígbà tí igi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mọ́tò kò lè gbà yín, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ wọ mọ́tò gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn, kó tẹrí ba, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, igi yóò sì ti bà á kí ó tó jókòó. Ẹ sọ èyí fún wọn gan-an. Àmọ́ nígbà tí ó ti ṣubú, tí igi wà lọ́wọ́ yín, tí ilẹ̀kùn sì ṣí, ọ̀nà ti wà nígbà náà. Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ, bí àwọn àgbà ti máa ń wí, mo sì gbà pé ibi tí ìsá ti wúlò jù nínú ìjà ni ìgbà tí ọwọ́ ẹni bá ti lékè.

Ohun kan kù tí ẹ kò sọ yanjú, ìyẹn ni gbólóhùn asọ̀ yẹn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, kò fún un láṣẹ láti nà yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Lábẹ́ abala 287 òfin Nàìjíríà tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó dá ìjà sílẹ̀ lè rí ààbò bí ẹnìkejì bá fẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ààbò yẹn kò kan ẹni tó jẹ́ pé èrò àtipànìyàn tàbí àtiṣeni léṣe ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀, àyàfi bí ó bá ti kọ ìjà náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì ti fà sẹ́yìn débi tí ó lè fà sẹ́yìn dé. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún agbẹjọ́rò yín, ẹ má ṣe fi èyí tó lè kó bá yín pa mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ èjìká yín wò kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ó tó wọ̀, ẹ wá ẹni tó bá rí ìjà náà. Ẹ má tún sọ̀rọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá láìsí agbẹjọ́rò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bíi “mo kọ́ ọ lọ́gbọ́n” jáde lẹ́nu yín, kódà bí ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí pé olùpẹ̀jọ́ kò ní nílò ẹ̀rí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi máa ń lù mí. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé bí mo bá gbèjà ara mi tí nǹkan bá ṣe é, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò ti fi ilé sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ó dùn mí láti ka lẹ́tà yín. Wọ́n lè bi yín, ìbéèrè yẹn sì ti pa ọ̀pọ̀ obìnrin lára nílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Florida ti fìgbà kan gbà pé ẹni tó bá wà nílé pẹ̀lú ẹni tó ń lù ú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sá, ṣùgbọ́n ní 1999, nínú ẹjọ́ Weiand, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní kò sí òfin tó ní kí èèyàn sá kúrò nílé ara rẹ̀ nígbà tí ikú tàbí ìpalára ńlá bá dé bá a. Ní Kánádà, ní 1990, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Lavallee láre, obìnrin tó yìnbọn fún ọkùnrin tó ń lù ú bí ọkùnrin náà ti ń jáde ní yàrá, lẹ́yìn tó ti halẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá bá a nígbà tí àwọn àlejò bá lọ tán. Wọ́n gbà kí onímọ̀ wá ṣàlàyé ohun tí ìlù ọdún pípẹ́ máa ń ṣe sí ọkàn obìnrin, àti ìdí tí kò fi rọrùn fún un láti kúrò.

Èmi kò fẹ́ kí ẹ gbọ́kàn lé èyí ju bó ti yẹ lọ. Ní 1989, North Carolina kò gba àwíjàre Norman, tó yìnbọn fún ọkọ tó ti fìyà jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé oorun ni ọkọ náà ń sùn. Ewu tó wà lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ṣì ń wá. Ẹ wá ibi tí ẹ lè sùn láìsí ìbẹ̀rù kí ó tó di ọjọ́ tí ẹ ó ní láti yan láàárín ẹ̀mí tirẹ̀ àti ẹ̀mí tiyín. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ gbogbo ọgbẹ́ sílẹ̀, ẹ sọ fún ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ẹ sì kó ìwé yín àti ti àwọn ọmọ pa mọ́ sí ibì kan tí kò mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn olè ń wọ ilé kan tí mo ní tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Mo ti fa wáyà iná mànàmáná sẹ́yìn fèrèsé. Ṣé ilé mi kọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ilé yín ni, ṣùgbọ́n wáyà kò lójú. Kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ tó wá mú bọ́ọ̀lù rẹ̀, tàbí panápaná tó wá gba ilé yín lọ́wọ́ iná. Ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya kan so ìbọn mọ́ ilẹ̀kùn yàrá nínú ilé oko tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ó sì ba ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó wọlé wá jalè jẹ́. Ní 1971, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí wọ́n san 30,000 dọ́là fún ọkùnrin náà, olè tó jẹ́ yẹn, nítorí pé ohun tí ẹ kò lè fọwọ́ ara yín ṣe bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ kò lè rán ẹ̀rọ láti ṣe é. Ẹ̀tọ́ láti fi agbára tó lè pani gba ara ẹni là wà nítorí ẹ̀mí, kò sì sí ẹ̀mí kankan tó wà nínú ewu nínú ilé tó ṣófo. Ẹ yọ wáyà yẹn lónìí, ẹ fi irin sójú fèrèsé, ẹ sì wá ẹni tí yóò máa sùn níbẹ̀.