Èsì: Òkété tí ọkọ̀ pa lọ́nà Mọ́níyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ó ṣe àǹfààní láti ṣe àkọsílẹ̀ òkété tí ọkọ̀ pa lọ́nà Mọ́níyà. Ó ṣe àǹfààní gan-an ni. Ní California, láti ọdún 2009 ni àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti ń fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ yunifásítì, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń pa ẹranko jù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́, àkókò àti ibi pàtó. iNaturalist, áàpù tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹranko àti ewéko, lè gbà á lórí fóònù yín. Nítorí pé ẹran òru ni òkété, ìdájí ló dára jù, kí ajá tó gbé òkú rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí yín ṣe iyebíye sí mi: ẹ má dúró sójú títì, ẹ má sì fọwọ́ kàn án.