Mínísítà Wo Ni Ká Kọ̀wé Sí ní Manitoba?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Winnipeg, ní Manitoba ti Kánádà, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni, Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ kí á tó wá. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gba àṣẹ iṣẹ́, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnìkan ní ká kọ̀wé sí mínísítà ìlera, ẹlòmíì ní igbákejì rẹ̀ ló lágbára jù. Ṣé mínísítà ti ìjọba àpapọ̀ ní Ottawa ni àbí ti ibí? Ta ló tiẹ̀ ń yàn wọ́n?

ÌDÁHÙN: Ti Manitoba ni. Ìwé ìgbélùú yín ló wà lọ́wọ́ Ottawa; ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ìpínlẹ̀ ló ni ín.

Ohun tó máa ń da àwọn ará wa láàmú ni pé ojú gómìnà ilé la fi ń wo ìjọba ibẹ̀. Nílé, gómìnà lè lọ mú ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní báńkì, kó fi orúkọ ránṣẹ́ sílé aṣòfin. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ó di kọmíṣọ́nnà. Aṣòfin tó bá sì gba ipò yẹn, ọjọ́ tó búra ni àga rẹ̀ nílé aṣòfin bọ́. Manitoba ò rí bẹ́ẹ̀. Ayé Awólọ́wọ̀ n'Íbàdàn ni kẹ́ ẹ rántí, nígbà Western Region. Prẹ́míà ni wọ́n ń pè é, aṣòfin ni, aṣòfin sì ni Awókòyà tó fi ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Irú ìjọba yẹn gan-an lẹ bá ní Winnipeg.

Ní October 2023, ẹgbẹ́ òṣèlú NDP, tí Wab Kinew jẹ́ olórí rẹ̀, gba àga 34 nínú 57 nílé aṣòfin Manitoba, Kinew sì di Prẹ́míà. Inú àwọn 34 yẹn ló ti ṣa àwọn mínísítà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n búra ní ọjọ́ 18 oṣù yẹn níwájú aṣojú Ọba Charles, tó jẹ́ ọba Kánádà, wọ́n jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Prẹ́míà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí pé ilé aṣòfin ń yẹ ẹnikẹ́ni wò. Bó bá wu Prẹ́míà lọ́la, á gba ipò lọ́wọ́ Lágbájá fún Tàmẹ̀dò. Uzoma Asagwara, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ, ló gbé ètò ìlera lé lọ́wọ́, tó tún fi ṣe igbákejì Prẹ́míà. Nọ́ọ̀sì ni òun náà kó tó dé ibẹ̀.

Igbákejì mínísítà tí ẹlòmíì sọ fún yín, tí wọ́n ń pè ní deputy minister, ńkọ́? Òun kì í ṣe olóṣèlú rárá. Akọ̀wé àgbà ni, bí permanent secretary ti Àgódi. Lóòótọ́ ló mọ gbogbo fáìlì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí aráàlú ń kọ́kọ́ lọ bá.

Mínísítà alára kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n fún ìyàwó yín ní ìwé àṣẹ. Àjọ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe ìyẹn, òfin sì ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó bi wọ́n ìdí tó fi ń pẹ́.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ aṣòfin àdúgbò yín, tí wọ́n ń pè ní MLA, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ó ní ọ́fíìsì ládùúgbò. Ẹ fẹsẹ̀ yín rìn débẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ìjọba ló wà, á bá mínísítà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ alátakò, ìyẹn gan-an lè yá jù, torí ó lè dìde nílé aṣòfin kó bi mínísítà létí gbogbo ayé, àwọn mínísítà kì í sì í fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà mọ ní ojú ìwé kan: ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, nọ́ńbà fáìlì, ọjọ́ tí wọ́n dáhùn kẹ́yìn. Kí ìyàwó yín fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ o. Fáìlì rẹ̀ ni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní bá yín sọ ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ ẹ tilẹ̀ jẹ́ ọkọ rẹ̀.