Ẹ Bi Wá: Fujian, Ìpínlẹ̀ Etíkun Tí Orúkọ Ìlú Rẹ̀ Ń Ṣi Àlejò Lọ́nà

Guangzhou àti Yiwu ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ń ná ọjà Ṣáínà mọ̀. Ìpínlẹ̀ Fujian wà láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì tí ìlú wọ̀nyẹn wà. Ó kọjú sí Taiwan, òkè ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa nípa rẹ̀ kò kéré. Àwọn tí ìdáhùn wọn lè ran ẹlòmíràn náà lọ́wọ́ la mú.

Mo fẹ́ lọ wo àwọn ilé alámọ̀ roboto tí mo rí nínú fọ́tò. Wọ́n ní kí n wọ rélùwéè láti Xiamen, ìlú etíkun Fujian, lọ sí Nanjing, àmọ́ áàpù ní ìrìn bí wákàtí méje ni. Ṣé ibẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ẹ má tíì sanwó. Nanjing méjì ló wà, èyí tí áàpù ń fi hàn yín kì í ṣe tiyín. 南京 ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Jiangsu, ó jìnnà réré sí àríwá. 南靖 ló wà ní Fujian, lábẹ́ ìlú Zhangzhou, rélùwéè láti Xiamen kì í sì í tó wákàtí kan kó tó débẹ̀. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi ń kọ méjèèjì bí wọ́n bá fi ábídí òyìnbó kọ ọ́. Ohùn ló yà wọ́n. *Jīng* ti Jiangsu dúró sókè gbọn-in bí ohùn òkè tiwa, *jìng* ti Fujian sì já láti òkè wá sílẹ̀. Àwa tó mọ̀ pé igba náírà kì í ṣe igbá àmàlà, ó yẹ kí èyí tètè yé wa. Fuzhou tó jẹ́ olú-ìlú Fujian náà ní ìkejì: 福州 ni ti Fujian, 抚州 wà ní Jiangxi, ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, ẹ wo àmì Ṣáínà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé dání fún onítíkẹ́ẹ̀tì àti fún awakọ̀ takisí.

Bí ẹ bá sọ̀ ní ibùdókọ̀ 南靖, ìrìn tó lé ní wákàtí kan ṣì kù lórí òkè kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé náà, tí wọ́n ń pè ní tulou. UNESCO kọ 46 nínú wọn sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2008. Tianluokeng ni ti fọ́tò: ilé onígun mẹ́rin kan láàárín, roboto mẹ́ta àti ọ̀kan tó rí bí ẹyin yí i ká. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní “àwo oúnjẹ mẹ́rin, ọbẹ̀ kan”. Nítòsí ibẹ̀ ni Yuchanglou wà, èyí tí òpó inú rẹ̀ ti yẹ̀ sọ́tùn-ún yẹ̀ sósì, síbẹ̀ tí kò wó. Chengqilou, tí wọ́n parí ní 1709, tó ní agbo mẹ́rin nínú ara wọn, wà ní apá Yongding. Apá méjèèjì kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí i délẹ̀, kó sùn síbẹ̀ lóru kan.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyí: wọ́n po amọ̀ mọ́ yanrìn àti ẹfun, wọ́n dà á sáàárín pákó, wọ́n ń fi igi gún un ní ìpele-ìpele, wọ́n sì ń tẹ́ ọparun sáàárín rẹ̀ kó lè di ara rẹ̀ mú. Ìsàlẹ̀ ògiri lè nípọn ju mítà kan lọ. Kò sí fèrèsé nísàlẹ̀, nítorí olè àti ogun. Ilé ìdáná ló wà ní ilẹ̀, àká ìrẹsì ní àjà kejì, yàrá ìsùn lókè. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú agbo-ilé kò ní béèrè ìdí tí gbogbo yàrá fi kọjú sí àgbàlá kan náà. Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá na okùn sí lẹ́nu àtẹ̀gùn, ẹ má gùn ún.

Oṣù wo ló dára jù? Ìsinmi mi bọ́ sí August. (Olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta)

Bí ẹ bá lè sún un, ẹ sún un sí ìparí October tàbí November. July sí September ni àsìkò táífúùnù, ìjì líle tó ń ti orí òkun wá. Táífúùnù Meranti ba Xiamen jẹ́ gidigidi ní September 2016. Doksuri gúnlẹ̀ sí Jinjiang ní ìparí July 2023. Bí ìkìlọ̀ bá ti jáde, ọkọ̀ ojú omi yóò dúró, rélùwéè yóò dúró, wọn yóò sì ti àwọn ibi ìgbafẹ́ pa. Bí August bá di dandan, ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láìfi ohunkóhun sí i ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó wọ bàálù padà, kí ẹ sì yan òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ lè fagi lé láìsan owó ìtanràn. May àti June òjò ló pọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú October, ẹ yàgò fún un: ìsinmi gbogbogbòò ni, gbogbo Ṣáínà ló ń rìnrìn àjò.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lèmi ní, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní ti Britain. Ṣé bákan náà ni a ó ṣe wọlé? (Oníṣòwò kan, Èkó)

Rárá o. Ẹ̀yin nílò físà kí ẹ tó kúrò nílé. L ni ti arìnrìn-àjò. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí yellow card dání pẹ̀lú. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ìlànà kan wà tó ń fi ààyè wákàtí 240 gba àwọn tó ń kọjá lọ sí ilẹ̀ mìíràn láìsí físà. Britain, Amẹ́ríkà àti Brazil wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà, Benin àti Togo kò sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ń lọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti wá. London sí Xiamen sí Hong Kong dára. London sí Xiamen sí London kò bá ìlànà yìí mu, àmọ́ ní February 2026 Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ kí àwọn oníwèé ìrìnnà Britain wọlé fún ọgbọ̀n ọjọ́ láìsí físà. Ìlànà físà ń yí padà lemọ́lemọ́, torí náà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: bí físà yín bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, tí ẹ bá sọdá sí Hong Kong, ẹ ti jáde ní Ṣáínà nìyẹn, ẹ kò lè padà wọlé. Kinmen, erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi ń lọ láti Xiamen, abẹ́ Taiwan ló wà. Ẹjọ́ kan náà ni. Bí ẹ bá sì wọ̀ sí ilé ọ̀rẹ́ dípò òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá kí wákàtí 24 tó pé. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe tiwọn fún àlejò.

Wọ́n dá ẹnìkan tí mo mọ̀ padà ní ẹnu omi nígbà tó fẹ́ lọ sí Gulangyu. Kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èbúté ló ṣì. Erékùṣù náà kò ju kìlómítà méjì níbùú lóòró, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Xiamen lára, nítorí náà àlejò a máa lọ sí èbúté Lundu tó dojú kọ ọ́. Lọ́sàn-án, àwọn ará ìlú ni ìyẹn wà fún. Èbúté àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá ní Dongdu ni àlejò ti ń wọ̀; nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni lórí omi, yuan 35 sì ni àlọ-àbọ̀ ọkọ̀ lásán. Lálẹ́ ni Lundu máa ń ṣí fún àlejò. Orúkọ àti nọ́ńbà ìwé ìrìnnà ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń dín iye ènìyàn kù lójúmọ́, torí náà ẹ rà á ṣáájú, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ rárá: àpótí tí ẹ bá gbé lọ, orí òkè àti àtẹ̀gùn ni ẹ ó gbé e gbà.

Ibùdókọ̀ rélùwéè náà ń ṣini lọ́nà. “Xiamen” wà lórí erékùṣù ìlú, “Xiamen North” wà ní òdìkejì omi. Àwọn ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣí ní September 2023, tí èyí tó yá jù nínú wọn ń dé Fuzhou kí wákàtí kan tó pé, láti North ni wọ́n ti ń gbéra. BRT ń lọ síbẹ̀. (2008 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀, bíi ti Èkó, àmọ́ orí afárá tí wọ́n kọ́ fún un nìkan ló sábà ń gbà. Ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jù.)

Mùsùlùmí ni wá. Ṣé a ó rí oúnjẹ jẹ? Ṣé mọ́sáláṣí wà? (Tọkọtaya kan, Ìlọrin)

Quanzhou, ìlú mìíràn ní Fujian, ni kí ẹ fi ṣe ibùdó. Mọ́sáláṣí Qingjing ti wà níbẹ̀ láti 1009, nígbà tí àwọn oníṣòwò Lárúbáwá ń pe ìlú náà ní Zaitun; ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ṣì dúró. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco ayé àtijọ́, dárúkọ ìlú náà. Òkè Lingshan ní sàréè àwọn Mùsùlùmí àtijọ́, àti òkúta tó sọ pé Zheng He, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ojú omi Ṣáínà nígbà náà, gbàdúrà níbẹ̀ ní 1417 kó tó wọ òkun. Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan kún un fún Xunpu, abúlé àwọn apẹja tó wà létí ìlú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi òdòdó tútù ká irun ní agbo-agbo. Wọn yóò ṣe é fún ìyàwó pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀.

Oúnjẹ gba àkíyèsí. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí ojú kò lè rí i, títí kan ẹ̀fọ́ díndín àti àkàrà òyìnbó. Àmì tí ẹ ó máa wá ni 清真 (hàlál), tó sábà máa ń wà lókè ilé oúnjẹ tó ń ta núdù afọwọ́fà ti Lanzhou, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Ṣáínà. Ẹja àti ohun jíjẹ mìíràn láti inú òkun pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n ẹ béèrè epo tí wọ́n fi dín in. Ẹni tí ẹ̀pà kì í bá lára mu, kó ṣọ́ra fún núdù shacha ti Xiamen: ẹ̀pà lílọ̀ àti edé gbígbẹ wà nínú omi rẹ̀.

Mo fẹ́ ra tíì Da Hong Pao. Báwo ni n kò ṣe ní ra ayédèrú?

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ara igi ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni tòun ti wá, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Igi mẹ́fà péré ló kù lára àpáta ní òkè Wuyi ní Fujian, wọn kò sì já ewé wọn mọ́. Èyí tó wà lọ́jà, yálà ti ọmọ igi náà tàbí àdàlù ewé àpáta Wuyi, tíì gidi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó rà á: ewé rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó lọ́, òórùn iná sì wà lára rẹ̀ láìkorò lọ́nà ọ̀fun. Gíráàmù 8 sí ife onídèérí tó gba mìlílítà 110, omi tó hó gidi. Ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré kí ẹ tó rọ ọ́. Ẹ lè tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹfà sí méje, kí ẹ máa fi àkókò kún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fi í sínú ife fún ìṣẹ́jú márùn-ún bíi ti Lipton, yóò korò, ẹ ó sì sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.

Ọ̀rọ̀ “tíì” tí à ń pè fúnra rẹ̀, Fujian ló ti wá. *Te* ni àwọn ará Xiamen ń pè é ní èdè Minnan. Àwọn ará Holland gbé e dé Yúróòpù, òyìnbó sọ ọ́ di *tea*, àwa sì gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn ìbátan wa ní Brazil ń pè é ní *chá*, nítorí pé àwọn Pọtogí gba tiwọn láti apá Guangdong.

Owó àti íńtánẹ́ẹ̀tì ń kó mi lọ́kàn sókè.

Alipay àti WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, ń gba káàdì Visa àti Mastercard ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ so káàdì mọ́ ọn kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ọ̀rọ̀ ìdánilójú tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà yín lè má dé ọ̀hún. Ẹ béèrè iye tí káàdì yín lè ná lókè òkun, kí ẹ sì mú owó bébà yuan díẹ̀ dání pẹ̀lú ṣéńjì wẹ́wẹ́. WhatsApp, Google àti Facebook kì í ṣí lórí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì. Lórí SIM ilẹ̀ òkèèrè tó ní roaming, wọ́n sábà máa ń ṣí. Iná wọn jẹ́ fóólù 220, ó sún mọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ jẹ́ ti ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta tó dagun. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ńlá tiwa kò ní wọ̀ ọ́, torí náà ẹ ra adápítọ̀ méjì, ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún bátìrì àgbéká. Kí bátìrì náà ní CCC, àmì ààbò ti Ṣáínà, lára bí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù láti ìlú Ṣáínà kan sí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò gbà á lẹ́nu ibi àyẹ̀wò.