Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ màmá àti iyán tí wọn ò lè jẹ

ÌBÉÈRÈ (láti Kàbà): Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí nọ́ọ̀sì. Màmá mi ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ó ti ràn dé ẹ̀dọ̀, Ìlọrin la ti ń gba kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ. CEA, nọ́ńbà kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, gòkè láti 41 sí 58. Àbúrò mi tó wà l'Ábújá ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ká ṣe tẹ́ẹ̀sì họ́mónù, cortisol àti àwọn mí-ìn, pé ìyẹn ló máa sọ bí ara wọn ṣe ń ṣe wọ́n. Owó ẹ̀ pọ̀. Wọn ò sùn, wọn ò sì jẹun, iyán tí wọ́n fẹ́ràn tó yẹn, wọ́n kàn máa ń wò ó ni. Ṣé ká ṣe é?

ÌDÁHÙN: Òkun o, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ pé CEA kì í ṣe họ́mónù rárá, purotéènì ni, jẹjẹrẹ yẹn fúnra ẹ̀ ló sábà ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Gold àti Freedman, ló rí i ní Montreal ní Kánádà lọ́dún 1965. Ibi tó ń lọ la máa ń wò, kì í ṣe ẹyọ nọ́ńbà kan, àti pé tí kímò ò bá tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó lè kọ́kọ́ gòkè kó tó wá wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fi sikáànì kún un. Ẹ má tíì sunkún nítorí 58.

Cortisol wá ni họ́mónù gidi. Lára ẹni tí ara ẹ̀ dá, ó máa ń pọ̀ láàárọ̀, tó bá dalẹ́ á lọ sílẹ̀. Tí jẹjẹrẹ bá ti wọra, ó lè má lọ sílẹ̀ lálẹ́ mọ́, àwọn tó bá rí bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rẹ̀ jù, tí oorun wọn sì ń já. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ débẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ń fún màmá ní dexamethasone, èyí tí wọ́n fi ń dènà èébì kímò? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, oògùn yẹn máa ń tẹ cortisol ara mọ́lẹ̀, kò sí nǹkan gidi tí tẹ́ẹ̀sì náà máa sọ fún yín, owó yín ló lọ yẹn. Òun gan-an sì lè ni ò jẹ́ kí wọ́n sùn! Tó bá jẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè máa lò ó láàárọ̀, ẹ má kàn dá a dúró fúnra yín o.

Ti oúnjẹ ńkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà, kì í ṣe àgídí. Họ́mónù kan wà, GDF-15, tí jẹjẹrẹ bá le ó máa ń pọ̀ lẹ́jẹ̀, á wá máa sọ fún ọpọlọ pé kó kórìíra oúnjẹ. Ní 2024 èsì ìwádìí kan jáde, wọ́n fún àwọn tó ń rù nítorí jẹjẹrẹ ní abẹ́rẹ́ tó ń dí i lọ́wọ́, èèyàn 187, àwọn tó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá wà níbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 àwọn tó gba èyí tó lágbára jù fi bíi kílò 2.8 wúwo ju àwọn tó gba abẹ́rẹ́ lásán lọ. Abẹ́rẹ́ ìwádìí ṣì ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Ẹ gbé òkìtì iyán yẹn kúrò níwájú wọn, rírí ẹ̀ lásán ti tó lé èèyàn sá. Díẹ̀díẹ̀ ni, ògì tẹ́ ẹ po mílíìkì mọ́, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, àní kó jẹ́ aago méjì òru.

Tẹ́ẹ̀sì tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ ìyá tèmi ni, kò ní ná mi ní kọ́bọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ẹ bi wọ́n léèrè ìrora, oorun, oúnjẹ, ìgbẹ́ àti àárẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn fún ọ̀sẹ̀ yẹn ní máàkì láti 1 (tó burú jù) dé 7 (tó dára jù). Mi ò dá a rò o, ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní QLQ-C30, láti 1993 ló ti wà, ìbéèrè 30, bí méjì tó gbẹ̀yìn ṣe rí nìyẹn, oríṣiríṣi ìwádìí ló sì ti fi hàn pé ohun tí aláìsàn bá fẹnu ara ẹ̀ sọ níbẹ̀ máa ń bá bó ṣe máa pẹ́ láyé tó mu. Ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà. Tí ìrora bá ti ń gòkè, ẹ béèrè àwọn palliative care, àwọn tó ń dín ìrora àti ìnira aláìsàn kù, mọ́fíìnì olómi tí wọ́n ń lò fún ìrora wà, owó tẹ́ ẹ fẹ́ kó fún láàbù yẹn á wúlò níbẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ (láti Ìsánlú): CEA bàbá mi jẹ́ 4.8, wọ́n ń mu sìgá, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ nínú ìgbẹ́ wọn, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣé kí ọkàn mi balẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Sìgá nìkan lè gbé e débẹ̀, ṣùgbọ́n CEA tó kéré ò sọ pé jẹjẹrẹ ò sí, ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ yẹn ló ká mi lára. Kí wọ́n lọ fi kámẹ́rà wo inú ìfun bàbá, colonoscopy ni kẹ́ ẹ pè é fún dókítà, kẹ́ ẹ tó ra ìgò àgbo jẹ̀dí mí-ìn.